Ìbéèrè àti ìdáhùn: ohun tí àwọn olùkọ́ àti òbí ń bi mí nípa ìkọ́ni àti ìwádìí ẹ̀kọ́

Iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe kí n tó bọ́ sí ìdí kíkọ́ àwọn tíṣà. Níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́, tí mo bá ní ta ló ní ìbéèrè, gbogbo ilé á pa lọ́lọ́. Ìgbà tí a bá ti ń kó ìwé wa ni wọ́n máa ń fà mí sí kọ̀rọ̀. Àwọn ìbéèrè kọ̀rọ̀ yẹn ni mo kó jọ síbí. Bí mo ṣe ń dáhùn wọn lẹ́nu ni mo ṣe kọ wọ́n, ìdí nìyẹn tí òmíràn fi gùn tí òmíràn ò sì ju gbólóhùn mélòó kan lọ.

Wọ́n ní ọmọ kan ń fi ojú kọ́ ẹ̀kọ́, òmíràn ń fi etí, òmíràn ń fi ọwọ́. Ṣé kí n pín kíláàsì mi bẹ́ẹ̀?

Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Ní 2008, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ọmọnìyàn mẹ́rin, tí Harold Pashler ṣíwájú wọn, jókòó ti ìwádìí tó wà nílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n kọ́kọ́ sọ irú ẹ̀rí tó máa tẹ́ wọn lọ́rùn: kí a pín àwọn ọmọ gẹ́gẹ́ bí irú ọmọ tí wọ́n ní àwọn jẹ́, kí a kọ́ ìdajì ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà tó bá wọn mu, kí a kọ́ ìdajì kejì ní ọ̀nà tí kò bá wọn mu, kí gbogbo wọn wá ṣe ìdánwò kan náà. Bí àwọn olójú bá yege jù nígbà tí a fi ojú kọ́ wọn, tí àwọn elétí sì yege jù nígbà tí a fi etí kọ́ wọn, ọ̀rọ̀ ti yanjú. Ìwádìí tó tọ ọ̀nà yẹn kò tó nǹkan rárá, èsì àwọn tó sì ṣe é dáadáa kò gbe ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn.

Lóòótọ́, ọmọ máa ń ní ohun tó wù ú jù. Àmọ́ ohun tó wù mí lọ́tọ̀, ohun tó ń wọ̀ mí lórí lọ́tọ̀. Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ló ń sọ ẹ̀yà ara tí a máa lò. Kò sí ọmọ tó lè fi etí nìkan mọ bí àwòrán ilẹ̀ ayé ṣe rí, kò sì sí èyí tó lè fi ojú nìkan mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ láìgbọ́ wọn lẹ́nu ẹnì kan. Olùkọ́ tó fi àwòrán han gbogbo kíláàsì, tó sì tún ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́nu fún gbogbo wọn, ti sàn ju ẹni tó pín wọn sí mẹ́ta lọ.

Ọmọ mi ka ìwé títí di òru, ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, kò rántí nǹkan kan. Kí ló ń ṣe é?

Nǹkan kan ò ṣe é. Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, torí ibẹ̀ gan-an ni a ti ń tan ara wa jẹ, àti ọmọ, àti òbí, àti olùkọ́.

Láti 1885 ni Hermann Ebbinghaus, ará Jámánì, ti wọn bí ìgbàgbé ṣe ń yára tó. Ara rẹ̀ ló fi ṣe ìdánwò. Ó há àwọn sílébù tí kò ní ìtumọ̀ sórí, ó sì ń yẹ ara rẹ̀ wò lẹ́yìn nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, lẹ́yìn wákàtí kan, lẹ́yìn ọjọ́ kan, títí dé oṣù kan. Ó rí i pé láàárín ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ ohun tí èèyàn há ti ń ṣí lọ. Ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù ló ń rọra jò lẹ́yìn náà.

Ìyẹn ni ìgbàgbé. Kí ló wá ń dá a dúró? Ní 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Amẹ́ríkà ní àyọkà láti kọ́. Ẹgbẹ́ kan lo sáà mẹ́rin láti kà á, wọ́n kà á, wọ́n tún un kà. Ẹgbẹ́ mìíràn lo sáà kan péré láti kà á. Ní sáà mẹ́ta yòókù, wọ́n gba ìwé kúrò níwájú wọn, wọ́n ní kí wọ́n kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá rántí sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó ń tún un kà ló lé wájú: wọ́n rántí ìdá 83 nínú 100, àwọn tí wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ wọn rántí 71. Àwọn tí wọ́n dán wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ńkọ́? Àwọn tó tún un kà ti já wálẹ̀ sí 40. Àwọn tí wọ́n gba ìwé lọ́wọ́ wọn wà ní 61. Èyí tó tún yà mí lẹ́nu jù ni pé àwọn tó ń tún un kà yẹn ló dá lójú jù pé àwọn máa rántí.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ yín nìyẹn. Bí ojú bá ti ń gba orí ìlà kan náà kọjá lẹ́ẹ̀mẹta, ìlà náà á di ojúlùmọ̀, ọmọ á wá rò pé òun ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tí a mọ̀ lójú, a lè má mọ orúkọ rẹ̀. Kí ọmọ pa ìwé dé, kó mú bébà òfìfo, kó kọ ohun tó wà nínú orí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kà, kó wá ṣí ìwé kó fi pupa kún ibi tó fo. Kò dùn ún ṣe. Ọmọ á bínú, á ní òun ò mọ nǹkan kan. Ibi tó ti ń bínú yẹn gan-an ni iṣẹ́ ti ń lọ.

Nínú kíláàsì, ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ tó: ìbéèrè kan lórí ohun tí a kọ́ lánàá, ọ̀kan lórí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan lórí ti oṣù tó kọjá. Ẹ má fún wọn ní máàkì. Bí máàkì bá ti wọ̀ ọ́, ó ti di ìdánwò nìyẹn, ẹ̀rù á wọ inú rẹ̀, jíjí ìwé wò á tẹ̀ lé e.

Ọjọ́ mélòó ló yẹ kó wà láàárín ìgbà tí a kọ́ ọ àti ìgbà tí a tún un yẹ̀ wò?

Kò sí iye ọjọ́ kan pàtó. Bí ọjọ́ tí a máa lò ó bá ṣe jìnnà tó ni kí àlàfo náà ṣe fẹ̀ tó. Ìdánwò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọjọ́ kan tàbí méjì. Ìdánwò ìparí ọdún, ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Tó bá jẹ́ ìṣirò, ẹ da oríṣiríṣi rẹ̀ pọ̀ mọ́ra. Ọmọ tó ṣe ogún ìṣirò tó jẹ́ irú kan náà kò yan ọ̀nà kankan. Àkọlé tó wà lókè ojú ìwé ti yan ọ̀nà fún un.

Ọ̀nà wo la fi ń kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà? Ẹnì kan ní ká kọ́ wọn ní ìró lẹ́tà, ẹlòmíràn ní kí wọ́n máa wo àwòrán kí wọ́n fòye gbé e.

Ní Amẹ́ríkà, Ọsirélíà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjà lórí ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ibi tí ẹ̀rí tẹ̀ sí kò fara sin: kí a kọ́ ọmọ ní ìró tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró fún, ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, kí ó sì mọ bí a ṣe ń so wọ́n pọ̀. Ìgbìmọ̀ kan tí ìjọba Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ tẹ ìjábọ̀ rẹ̀ jáde ní 2000, ó sì dárúkọ nǹkan márùn-ún: gbígbọ́ ìró inú ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, síso lẹ́tà mọ́ ìró, kíkà tó já geere, mímọ ọ̀rọ̀ púpọ̀, àti òye ohun tí a kà.

Ẹ jẹ́ ká wo ọmọ kan tó ń fòye gbé e. Ohun tó wà nínú ìwé ni "Bàbá rí ajá." Àwòrán ajá wà lókè. Ọmọ kà á geerege, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ẹ fi ọwọ́ bo àwòrán náà, ẹ wá kọ "Bàbá ra ajá" sórí bébà. Bó bá tún ka "rí", kò kà á rí. Àwòrán ló ń kà. Ìdí tí ìdánwò ìwé kíkà tó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2012 fún àwọn ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́fà fi ní ọ̀rọ̀ ogójì tí ogún nínú wọn kò ní ìtumọ̀ kankan nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí kò sí láyé, kò sí àwòrán rẹ̀, ọmọ ò sì lè ti há a sórí.

Ṣùgbọ́n kí ẹni tó gba ti ìró lẹ́tà má tíì yọ̀ jù. Philip Gough àti William Tunmer kọ ọ́ ní 1986 pé ìwé kíkà dà bí ìsọdipúpọ̀: agbára láti pe ọ̀rọ̀, lọ́nà òye èdè. Bí ọ̀kan bá jẹ́ òdo, òdo ni èsì. Ọmọ tó lè pe gbogbo ọ̀rọ̀ inú àyọkà ní èdè tí kò gbọ́, kò ka nǹkan kan. Kódà ìmọ̀ nípa kókó ọ̀rọ̀ náà ní agbára tirẹ̀. Ní 1988, Donna Recht àti Lauren Leslie fún àwọn ọmọ iléèwé 64 ní àyọkà kan nípa ìdíje baseball, eré bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi igi gbá ní Amẹ́ríkà. Àwọn tí kò mọ ìwé kà dáadáa ṣùgbọ́n tí wọ́n mọ eré náà lámọ̀dunjú rántí àyọkà yẹn ju àwọn tó mọ ìwé kà ṣùgbọ́n tí wọn kò mọ eré náà. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ bá ti ń pe ọ̀rọ̀ tán, ẹ̀kọ́ ìtàn àti sáyẹ́ǹsì gan-an ni ẹ̀kọ́ ìwé kíkà. Ẹni tó gé wọn kúrò kó lè ráyè fún "ìwé kíkà" ń gé ẹ̀ka tó jókòó lé.

Ohun kan kù: èdè ò rí bákan náà. Nígbà tí Philip Seymour àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwọn èdè ilẹ̀ Yúróòpù wéra ní 2003, wọ́n rí i pé àwọn ọmọ tó ń kọ́ láti ka Gẹ̀ẹ́sì fi ohun tó ju ìlọ́po méjì lọ́ra ju àwọn tí èdè wọn ń kọ ohun tó ń pè. Bí ọmọ bá ń falẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì, ó lè má jẹ́ ẹ̀bi ọmọ. Àkọtọ́ Gẹ̀ẹ́sì ló ṣòro.

Ṣé èdè abínibí kò ní fa ọmọ sẹ́yìn?

Ìwádìí tó dára jù lórí ìbéèrè yìí, ẹ̀yin tó ń ka Yorùbá ló yẹ kẹ́ ẹ fi yangàn. Ní 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọlọ́dún mẹ́fà kan: wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti àwọn ẹ̀kọ́ yòókù fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lábẹ́ olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dáadáa. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn tó yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Àwọn tó fi Yorùbá dé òpin kò rẹ̀yìn. Wọ́n tún ta àwọn yòókù yọ, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Káàkiri àgbáyé ni wọ́n ti ń tọ́ka sí iṣẹ́ yìí.

Ẹ fi èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Kẹ́ńyà wé e. Paul Glewwe, Michael Kremer àti Sylvie Moulin tọ pinpin àwọn iléèwé kan ní abúlé tí wọ́n pín ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ fún lọ́fẹ̀ẹ́. Ta ni kò ní rò pé máàkì á gòkè? Lápapọ̀, kò gòkè. Àwọn ọmọ tó ti wà lókè tẹ́lẹ̀ nìkan ni ìwé náà ràn lọ́wọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, èdè kẹta sì ni Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ fún ọ̀pọ̀ nínú wọn; ọmọ gba ìwé, kò lè kà á.

UNESCO, àjọ tó ń bójú tó ètò ẹ̀kọ́ fún Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ní nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 àwọn èèyàn àgbáyé ni kò rí ẹ̀kọ́ gbà ní èdè tí wọ́n ń sọ tàbí tí wọ́n gbọ́. Kò yà mí lẹ́nu. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni òbí tó ń fi owó ara rẹ̀ ra ipò yẹn fún ọmọ rẹ̀.

Kíláàsì mi ti kún jù. Ṣé ìwádìí kín mi lẹ́yìn?

Ó kín yín lẹ́yìn, àmọ́ ẹ má tíì lọ síwájú ọ̀gá. Ní ìpínlẹ̀ Tennessee ní Amẹ́ríkà, láti 1985 sí 1989, wọ́n ṣẹ́ kèké fún àwọn ọmọ tó lé ní 11,000 ní iléèwé 79: àwọn kan bọ́ sí kíláàsì kékeré, ọmọ 13 sí 17; àwọn kan sí kíláàsì ńlá, ọmọ 22 sí 25; àwọn kan sí kíláàsì ńlá tó ní igbákejì olùkọ́. Torí pé kèké ló pín wọn, kò sẹ́ni tó lè sọ pé ọmọ olówó ni wọ́n kó sí ibi tó dára. Àwọn tó wà ní kíláàsì kékeré ṣe dáadáa jù, ó sì hàn jù lára àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú àti ọmọ tálákà. Igbákejì olùkọ́? Ìyàtọ̀ tó mú wá kò tó nǹkan.

Ní 1996, California sáré ṣe irú rẹ̀ jákèjádò ìpínlẹ̀, wọ́n ní kí kíláàsì àwọn ọmọ kékeré má ju ogún lọ. Lójijì, wọ́n nílò ẹgbẹẹgbẹ̀rún olùkọ́. Wọ́n gba àwọn tí kò ní ìwé ẹ̀rí, àwọn olùkọ́ tó dáńgájíá ní iléèwé àdúgbò tálákà sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ lọ síbi tó tù wọ́n lára. Ọwọ́ kan fúnni, ọwọ́ kejì gbà á padà.

Ẹ má sì gbàgbé pé kíláàsì tí wọ́n pè ní ńlá ní Tennessee, ọmọ 25 ló wà níbẹ̀. Ẹni tó ní ọgọ́ta ọmọ níwájú rẹ̀ kò lè fi ìwádìí yẹn mọ ohun tí wọ́n á jèrè bí wọ́n bá di àádọ́ta.

Nínú kíláàsì kan náà, àwọn kan ń ka ìwé ìtàn, àwọn kan ò mọ lẹ́tà. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Níbi tí ọmọ wà ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí sílébọ́ọ̀sì ní kó mọ̀ lè dúró díẹ̀. Ìṣòro yìí kì í ṣe tiyín nìkan: ní 2019, Báńkì Àgbáyé ní ìdá 53 nínú 100 àwọn ọmọ ọdún mẹ́wàá ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó wọn kò pọ̀ àti àwọn tó wà láàárín méjì ni kò lè ka àyọkà kúkurú kó yé wọn. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà, wọ́n fojú bù ú sí 70.

Àjọ Pratham ní Íńdíà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1995, ní ọ̀nà kan tí mo gba tirẹ̀. Ojú ìwé kan péré ni ìdánwò wọn: lẹ́tà, ọ̀rọ̀, ìpínrọ̀ kékeré, ìtàn. Ọmọ jókòó ti olùkọ́, ó kà títí dé ibi tí kò lè kà mọ́. Ibi tó dúró sí ni ẹgbẹ́ rẹ̀. Fún wákàtí kan tàbí méjì lójúmọ́, wọ́n á gbàgbé ọjọ́ orí àti kíláàsì, wọ́n á fi ẹgbẹ́ yẹn kọ́ wọn. Abhijit Banerjee àti Esther Duflo, tí wọ́n wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel ètò ọrọ̀ ajé ní 2019, fi ìdánwò oníkèké yẹ̀ ẹ́ wò léraléra, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ibi tó ti ń kùnà ni ibi tí wọ́n ti ní kí olùkọ́ máa ṣe é ṣùgbọ́n tí wọ́n ṣì ń bi í pé orí mélòó ló ti parí nínú ìwé.

Mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ máàkì nínú ìwé àwọn ọmọ, wọn kì í kà á. Ṣé kí n fi í sílẹ̀ ni?

Máàkì ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀. Ní 1988, Ruth Butler ní Ísírẹ́lì pín àwọn ọmọ sí mẹ́ta: àwọn kan gba máàkì nìkan, àwọn kan gba ọ̀rọ̀ nìkan, àwọn kan gba méjèèjì. Iṣẹ́ àwọn tó gba ọ̀rọ̀ nìkan ló gbé pẹ́ẹ́lí. Àwọn tó gba méjèèjì kò sàn ju àwọn tó gba máàkì nìkan lọ. Máàkì ti gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ni, mo jókòó di agogo mẹ́wàá alẹ́ lọ́jọ́ kan, mo kọ ọ̀rọ̀ tó dára sí gbogbo ìwé. Nígbà tí mo pín in, mo wo ọmọ kan: ó ṣí i, ó wo 6, ó na ọrùn wo ti ẹnìkejì rẹ̀, ó rí 7, ó pa á dé. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ ìbéèrè kan dípò ọ̀rọ̀, mo sì ń fún wọn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú kíláàsì láti dáhùn rẹ̀ sí abẹ́ iṣẹ́ náà. Máàkì ń bẹ lọ́dọ̀ mi nínú ìwé tèmi.

Iṣẹ́ àṣetiléwá ńkọ́?

Harris Cooper ló ti kó ìwádìí rẹ̀ jọ jù. Fún àwọn ọmọ gírámà, ó bá àṣeyọrí rìn. Fún àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìbátan náà kò lágbára. Iṣẹ́ tí òbí ló ṣe é kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ.

Ṣé kí iléèwé gba fóònù lọ́wọ́ àwọn ọmọ?

Faransé ti fi òfin dè é ní iléèwé láti 2018. Nínú ìjábọ̀ UNESCO ti 2023, kò tíì tó ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn orílẹ̀-èdè tó fòfin tàbí ìlànà dè é. Àwọn tó ti dara pọ̀ láti ìgbà náà ti pọ̀ sí i. Nínú PISA ti 2022, ìdánwò tí àwọn ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ń ṣe ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, nǹkan bí ìdá 65 nínú 100 àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn orílẹ̀-èdè OECD, ẹgbẹ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọlọ́rọ̀, sọ pé ẹ̀rọ ń fa ọkàn àwọn kúrò lórí ẹ̀kọ́ ìṣirò, ó kéré tán nínú àwọn kíláàsì kan.

Àmọ́ èsì lórí fífòfin dè é kò ṣọ̀kan. Ìwádìí kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2016 rí i pé máàkì àwọn ọmọ tó wà nísàlẹ̀ gòkè. Nígbà tí àwọn mìíràn ṣe irú rẹ̀ ní Súwídìn, wọn kò rí ìyàtọ̀ kankan. Èrò tèmi: ẹ gbà á, torí pé kò náni ní nǹkan kan tó pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má retí pé òun ló máa kọ́ wọn ní ìṣirò.

ChatGPT ń ṣe iṣẹ́ fún àwọn ọmọ mi. Kí ni ṣíṣe?

Láti ìparí 2022 tí ChatGPT, ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá tó ń dáhùn ìbéèrè tó sì ń kọ̀wé, ti jáde ni wọ́n ti ń bi mí. Ìwádìí kan ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà kan ní Tọ́kì ló là mí lójú jù. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ ló wà níbẹ̀, ìṣirò ni wọ́n ń kọ́. Àwọn tí wọ́n jẹ́ kí wọ́n lo ọgbọ́n àtọwọ́dá bí ó ṣe wà fi ìdá 48 nínú 100 dára ju àwọn tí kò lò ó nígbà tí wọ́n ń ṣe àdáṣe. Nígbà tí wọ́n gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ wọn fún ìdánwò, wọ́n fi ìdá 17 burú ju àwọn tí kò fojú kàn án rí. Ẹgbẹ́ kẹta lo èyí tí wọ́n ti kọ́ láti máa tọ́ ọmọ sọ́nà láìsọ ìdáhùn. Àdáṣe tiwọn gòkè gan-an, ìdánwò wọn kò sì já wálẹ̀, àmọ́ kò ga ju ti àwọn yòókù lọ.

Ọ̀rọ̀ ìwé tí a ń tún kà ni a tún bá pàdé níbí yìí. Iṣẹ́ tó rọrùn lónìí kò sọ nǹkan kan fún wa nípa ohun tó máa kù lórí lọ́la.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹ̀rọ tó ní òun ń mọ ìwé tí ẹ̀rọ kọ fi ìyà jẹ ọmọ ẹnikẹ́ni. OpenAI tó ṣe ChatGPT gan-an yọ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ tirẹ̀ kúrò ní oṣù keje 2023 nítorí pé kò péye. Lọ́dún kan náà, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà fi àròkọ 91 tí àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn kọ fún TOEFL, ìdánwò ìmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì, dán irú ẹ̀rọ méje wò; ní ìṣirò àpapọ̀, wọ́n fẹ̀sùn kan èyí tó ju ìdajì wọn lọ. Èmi àti ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yẹn ń bá wí. Ẹ pe ọmọ, ẹ ní kó ṣàlàyé ìpínrọ̀ kejì fún yín lẹ́nu. Ìṣẹ́jú méjì ti tó.

Wọ́n ní kí a máa sọ fún ọmọ pé ọpọlọ rẹ̀ lè dàgbà. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?

Díẹ̀. Carol Dweck, onímọ̀ nípa ìrònú ọmọnìyàn, ló mú ọ̀rọ̀ náà gbajúmọ̀. Ní 2019, David Yeager pẹ̀lú Dweck àti àwọn mìíràn dán an wò lára akẹ́kọ̀ọ́ bí 12,000 ní Amẹ́ríkà, ẹ̀kọ́ orí kọ̀ǹpútà tí kò tó wákàtí kan. Máàkì àwọn tó wà nísàlẹ̀ fi 0.10 gòkè lórí òṣùwọ̀n tí òkè rẹ̀ jẹ́ 4. Kékeré ni, kò sì náni ní púpọ̀. Ṣùgbọ́n àwòrán ọpọlọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri kò lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Báwo ni kí n ṣe mọ ìwádìí tí mo lè gbára lé?

Ẹ bi í ní ìbéèrè kan kẹ́ ẹ tó bi í ní ìkejì: wọ́n fi wé kí ni? "Ọ̀nà tuntun wa mú máàkì gòkè" kò tíì sọ nǹkan kan. Máàkì ọmọ máa ń gòkè láàárín oṣù mẹ́fà bí ẹnikẹ́ni ò bá tilẹ̀ ṣe nǹkan tuntun. Ìkejì: ta ló ṣe ìdánwò tí wọ́n fi wọ̀n ọ́n? Bó bá jẹ́ ẹni tó ń ta ọ̀nà náà ni, ẹ fura. Ìkẹta: ṣé ẹlòmíràn ti tún un ṣe? Matthew Makel àti Jonathan Plucker yẹ àwọn ọgọ́rùn-ún jọ́nà ẹ̀kọ́ tó lókìkí jù wò ní 2014. Àtúnṣe ìwádìí kò ju 0.13 nínú 100 àwọn àpilẹ̀kọ tó wà nínú wọn lọ. A kò ní fi gbogbo ara gba ìròyìn ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo gbọ́, àmọ́ bí a ṣe ń ṣe nìyẹn nínú ẹ̀kọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà tó rìn jìnnà sí ilé rẹ̀. Ní 1984, Benjamin Bloom, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ pé ọmọ tí olùkọ́ kan ṣoṣo ń kọ́ lọ́tọ̀ á ta nǹkan bí ìdá 98 nínú 100 àwọn ọmọ kíláàsì yọ. Títí dòní ni àwọn tó ń ta ẹ̀rọ ń fi í polówó. Iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ méjì ló gbé e kà, sáà kúkurú ni wọ́n fi ṣe é. Kíkọ́ ọmọ lọ́tọ̀ lágbára lóòótọ́, ìwádìí tó tẹ̀ lé e fi hàn bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò sí èyí tó sún mọ́ ìyẹn.

Ṣé èmi náà lè ṣe ìwádìí nínú kíláàsì tèmi?

Kí ló dé tẹ́ ẹ ò ní lè ṣe é? Mary Budd Rowe, olùwádìí ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà, lo ọ̀pọ̀ ọdún láti máa gbọ́ ohùn àwọn olùkọ́ tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú kíláàsì. Ó rí i pé lẹ́yìn tí olùkọ́ bá béèrè ìbéèrè, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan péré ló máa ń dúró kó tó pe ẹlòmíràn tàbí kó tún sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n dúró fún mẹ́ta, ìdáhùn àwọn ọmọ gùn sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń béèrè ìbéèrè tiwọn.

Ẹ gbé fóònù yín sí ẹ̀yìn kíláàsì, ẹ gba ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀, ẹ gbọ́ ọ nílé, kẹ́ ẹ máa ka ìṣẹ́jú àáyá. Nígbà tí mo ṣe é, mo rò pé mo ti mọ ohun tí mo máa bá níbẹ̀, torí pé èmi ni mo ń fi ìwádìí Rowe kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Mo gbọ́ ara mi: "Kí ni ìdí tí omi fi ń gbẹ lórí aṣọ?" Mo ka oókan. Kí n tó ka eéjì, ohùn mi ti tún dé, ó ń ṣàlàyé fún wọn.